Kábọ́nì Kan Péré

Ẹ̀rù ọ̀gáníìkì máa ń ba ọmọ ilé-ìwé kí ó tó ṣí ìwé rẹ̀ rárá. Láti ìgbà tí mo ti wà ní SS1 ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú wa. Wọ́n á ní kẹ́místìrì dùn, àfi tí a bá dé ibi ọ̀gáníìkì. Wọ́n ní bí ìbéèrè rẹ̀ bá jáde nínú WAEC, kí a fò ó, kí a wá òmíràn dáhùn. Àwọn mìíràn ní àkọ́sórí lásán ni: orúkọ lórí orúkọ, tí ẹni tí ó há wọn sórí lálẹ́ yóò ti gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ti kọ́ ọ̀gáníìkì fún ọdún kan gbáko báyìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Kì í ṣe àkọ́sórí. Ẹ̀kọ́ nípa ìyàtọ̀ kékeré ni. Ó ń kọ́ wa láti wo nǹkan méjì tí ó jọra bí ìbejì, kí a sì mọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ní ilé tiwa, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Màámi ń ta àgbo àti paraga ní ibùdókọ̀ kan ní Ọ̀rẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ògógóró ni wọ́n fi ń rẹ egbò àti èèpo igi tí ó ń di paraga. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra àpò ìwé mi, òun náà ni wọ́n fi ra ìwé kẹ́místìrì mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀gáníìkì jẹ́. Òun ni ẹ̀ka kẹ́místìrì tí ó ń sọ nípa àwọn nǹkan tí kábọ́nì jẹ́ òpó ilé wọn. Ṣúgà wà lára wọn. Epo pupa, ọṣẹ, rọ́bà, kẹrosíìnì, àti ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń lò wà lára wọn. Bí a bá yọ omi kúrò, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara àwa ènìyàn náà wà lára wọn. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ohun tí ó ní ẹ̀mí nìkan ni ó lè ṣe irú nǹkan wọ̀nyí. Ní ọdún 1828, ọmọ Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Friedrich Wöhler ṣe urea, ohun tí ó wà nínú ìtọ̀, láti ara èròjà inú ìgò, láìlo kíndìnrín ènìyàn tàbí ti ẹranko. Láti ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ilé-ìwé wa kò ní àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ mèremère tí a ń rí nínú àwòrán ìwé, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so pọ̀. Olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù mú amọ̀ wá láti ilé, kí a sì ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ dání. A mọ amọ̀ náà roboto, ńlá fún kábọ́nì, kékeré fún háídírójìn. Igi ìgbálẹ̀ sì di ọwọ́. Òfin tí wọ́n fún wa kò ju mẹ́rin lọ. Kábọ́nì ní ọwọ́ mẹ́rin. Ọ́síjìn ní méjì. Háídírójìn ní ẹyọ kan. Ọwọ́ kankan kò sì gbọdọ̀ ṣófo.

Òfin mẹ́rin yẹn ni gbogbo ìyókù dúró lé lórí. Bí kábọ́nì bá dá wà, tí ó fi ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di háídírójìn mẹ́rin mú, methane ni. Bí kábọ́nì méjì bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, ọwọ́ mẹ́fà ni ó kù fún háídírójìn, ó di ethane. Mẹ́ta jẹ́ propane, mẹ́rin jẹ́ butane. Àwọn méjì yìí ni ó wà nínú sílíńdà gáàsì tí a fi ń dáná. Bí a ti ń so kábọ́nì mọ́ kábọ́nì bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà ń wúwo sí i, tí ó sì ń ṣòro fún un láti di ooru. Láti orí gáàsì a bọ́ sórí pẹtiróòlù, láti ibẹ̀ a bọ́ sórí kẹrosíìnì, lẹ́yìn náà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, títí a fi dé orí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ọ̀dà yẹn wà nínú ilẹ̀ ní Agbabu, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó tiwa níbí. Mo ti ń gbọ́ orúkọ Agbabu láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí gáàsì ìdáná ni ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Gígùn ìlà ni wọ́n fi jura wọn lọ.

Ohun kejì tí ó ń dẹ́rù bani ni orúkọ. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ló yẹ kí ó rọ̀ lọ́rùn jù. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ń jẹ́ Àyànwálé, a ti mọ̀ pé ilé onílù ni wọ́n ti bí i. Bí ó bá jẹ́ Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ ni. Bí ó bá jẹ́ Ọ̀jẹ́wálé, ilé eléégún ni. Kò sí ẹni tí ó há èyí sórí fún wa, a kàn ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú orúkọ náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀gáníìkì ṣe ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, àyàfi pé tirẹ̀, ẹ̀yìn ni orúkọ ilé máa ń wà. Iwájú orúkọ ń sọ iye kábọ́nì: meth jẹ́ ọ̀kan, eth jẹ́ méjì, prop jẹ́ mẹ́ta, but jẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀yìn orúkọ ń sọ ilé tí ó ti wá. Ẹni tí ó bá parí sí ol, inú agbo ilé ọtí ni ó ti wá, ó ní ọ́síjìn kan tí ó fi ọwọ́ kan di kábọ́nì mú, tí ó sì fi ìkejì di háídírójìn mú. Ní ọjọ́ tí èyí yé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tí n kò rí rí, mo sì ń ya àwòrán wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó máa ń rú àwọn ẹgbẹ́ mi lójú. Àwọn nǹkan méjì lè ní iye átọ́ọ̀mù kan náà, kí wọ́n má sì jẹ́ ohun kan náà. Kábọ́nì méjì, háídírójìn mẹ́fà àti ọ́síjìn kan lè di ethanol, èyí tí ó jẹ́ omi nínú ìgò. Bí a bá fi ọ́síjìn yẹn sí àárín kábọ́nì méjèèjì, ó di gáàsì tí ń jẹ́ methoxymethane. Olùkọ́ wa kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ojú pátákó, wọ́n ní kí a fi àmì ohùn sí i bí ó bá ṣe wù wá. A kọ igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ó ń lọ, ìgbá tí a ń jẹ, igba tí a ń kà, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ẹnì kan lè fi ìgbà bu omi?" A rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò tún rú wa lójú mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí agbo ilé ọtí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àkọ́bí ilé náà ni methanol, ó ní kábọ́nì kan. Àbúrò rẹ̀ ni ethanol, ó ní méjì. Bí a bá kọ wọ́n sílẹ̀, èkínní jẹ́ CH₃OH, èkejì jẹ́ C₂H₅OH. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ kábọ́nì kan péré àti háídírójìn méjì tí ó tẹ̀ lé e. Méjèèjì mọ́ bí omi. Òórùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Méjèèjì ń jó bí a bá ṣáná sí wọn. Ethanol ni ó wà nínú ẹmu, nínú ògùrọ̀, nínú bíà àti nínú ògógóró. Methanol jẹ́ ohun tí wọ́n ń lò ní ilé-iṣẹ́ láti fi po ọ̀dà àti láti fi ṣe àwọn kẹ́míkà mìíràn. Kì í ṣe ohun mímu.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ wa yìí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lójijì. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú láàárín ọjọ́ kan. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá a lọ. Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Àwọn kan ní àrùn àjèjì ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tán, methanol ni wọ́n rí. Inú ògógóró ni wọ́n ti mu ún.

Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, n kò sì rántí ju pé Màámi kó àwọn ìgò wọn wọlé, tí wọn kò sì pàtẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Òde-Ìrèlè kò jìnnà sí wa. Nígbà tí mo dé SS2 tí a kan agbo ilé ọtí, mo bi olùkọ́ wa léèrè bí kábọ́nì kan ṣe lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè mi sẹ́yìn. Wọ́n ya á sí ojú pátákó.

Ẹ̀dọ̀ inú wa kì í fi ọtí sílẹ̀ bí ó ṣe bá a. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ kan tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tí wọ́n máa ń gba háídírójìn lọ́wọ́ ọtí. Bí ó bá jẹ́ ethanol ni, wọ́n á sọ ọ́ di ethanal, lẹ́yìn náà ó di ethanoic acid. Èyí ni ó ń mú kí fínígà kan, ara wa sì mọ bí a ti ń lò ó. Bí ó bá jẹ́ methanol, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń bọ́ sí yàtọ̀. Methanol á di methanal, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti ṣe fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Lẹ́yìn náà, ó di methanoic acid, oró tí ó wà lára àwọn èèrà kan. Ara wa kì í tètè rí èyí lé jáde. Á máa ṣọṣẹ́ níbi iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ, ìdí nìyí tí ojú fi máa ń ṣú.

Gbogbo èyí ń gba wákàtí púpọ̀. Ẹni tí ó mu ún lè rò pé ọtí lásán ni òun mu, kí ó lọ sílé, kí ó sùn, kí ó tó di pé ìyọnu dé. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi lọ́jọ́ náà: ẹ̀dọ̀ kò ṣe àṣìṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ohun tí a gbé fún un ni kì í ṣe ohun tí ó yẹ. Olùkọ́ wa ní àwọn dókítà lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n bá tètè gbé e dé ọsibítù, nítorí oògùn wà tí ó lè dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yẹn dúró. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ọgbọ́n orí ṣe nílé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wà ní ìsọ̀ Màámi, mo ń fọ ìgò. Ọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì wá lórí ọ̀kadà. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ìyá Alágbo, ẹ kú ọjà o." Ó ní òun ní ògógóró tí ó mọ́, pé iye tí wọ́n fi ń ra kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ bàbá tí wọ́n ti ń bá rà láti ọdún pípẹ́, òun yóò fi mẹ́ta fún wọn. Owó WAEC mi kò tíì pé nígbà náà. Màámi mọ̀, èmi náà mọ̀. Èrè kẹ́ẹ̀gì kan lórí méjì kì í ṣe ohun tí ọlọ́jà ń fi ojú fo.

Màámi tọ́ ọ wò ní ẹnu. Wọ́n da díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, wọ́n ṣáná sí i. Ó jó. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dán ògógóró wò, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá wọn ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní, "Ó dára."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rọra sọ ọ́ sí wọn létí. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èyí tí ó pa àwọn ará Òde-Ìrèlè, òun náà ń jó."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Kí ni o sọ?"

"Méjèèjì ló ń jó, mà. Ẹnu kò lè mọ̀ ọ́n, imú kò lè mọ̀ ọ́n, iná kò lè mọ̀ ọ́n."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ṣé ìwé ti wá sọ ọ́ di ọ̀gá mi nídìí ọjà mi ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ ìwòyí, wọ́n gbọ́n jù. N kò dá a lóhùn. Mo mú ìwé mi jáde nínú àpò, mo ya méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún Màámi, pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́rin fún kábọ́nì kọ̀ọ̀kan. Màámi kò lọ ju ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ojú wọn mọ ìṣirò. Wọ́n fi ìka ka ọ̀kan, wọ́n fi ìka ka èkejì. Wọ́n ní, "Èyí nìkan ni ó fi ju èyí lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ọkùnrin náà pé, "Ta ló sè é? Níbo ni wọ́n ti sè é?" Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni. Wọ́n ní kí ó mú wọn mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà. Ó ní ọ̀nà jìn. Màámi dì í padà sórí ọ̀kadà fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Títí di òní, a kò mọ ohun tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ó lè jẹ́ ògógóró rere. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ẹlòmíràn rà á ní ibùdókọ̀ náà, kò sí ẹni tí ó kú, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni yẹn ń tà ní iye tí ó dín, àwọn oníbàárà Màámi kan yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Owó WAEC mi pẹ́ kí ó tó pé. Wọ́n ta ìró kan kí wọ́n tó san án. Màámi kò fi ìyẹn bú mi rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé àwọn mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ń mu lọ́wọ́ àwọn láàárọ̀, pé àwọn mọ orúkọ ìyàwó wọn pẹ̀lú.

Mo bi olùkọ́ wa bóyá ọ̀nà kan wà tí ẹni tí ń ta ọtí létí títì fi lè mọ methanol yàtọ̀ sí ethanol. Wọ́n ní ẹ̀rọ wà ní àwọn yàrá àyẹ̀wò ńlá tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè fi ọkàn tán nínú ilé-ìwé wa tàbí nínú ọjà. Ooru nìkan kò tó. Methanol ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ethanol ní 78, omi ní 100. Ìwọ̀n 13 péré ni ó wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́, iná igi tí ó wà lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù kò sì ní òṣùwọ̀n. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ kà ní yunifásítì. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí JAMB bá sì gbè mí, kẹ́místìrì ni mo fẹ́ kà, kí n lè wá nǹkan kékeré kan tí kò wọ́n, tí ìyá alágbo yóò máa tì bọ inú ìgò rẹ̀ kí ó tó pàtẹ.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, n kò ní pa irọ́ fún yín pé ọ̀gáníìkì rọrùn. Orúkọ rẹ̀ pọ̀, àwòrán rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò ó. Ẹ mú amọ̀ àti igi ìgbálẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kábọ́nì kan, ẹ ka ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ tó so èkejì mọ́ ọn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ọmọ bá bi yín léèrè ìdí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya á sí ojú pátákó fún un. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tí ó kọ́ nílé-ìwé fún yín, ẹ fi ìka yín kà á pẹ̀lú rẹ̀, bí Màámi ti ṣe. Ìyàtọ̀ náà lè kéré gan-an. Kábọ́nì kan péré ni ti Òde-Ìrèlè.